Ráútà Tó Ní Ká Má Mójú Kúrò Lára Òun

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ń lù ni Alhaja pè mí. "Ẹnjiníà, nǹkan yìí tún ti kú o. Aago mọ́kànlá ni wọ́n máa sọ ọmọ lórúkọ."

Ìlú Ọba ni wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ, Ìgándó sì ni Alhaja wà. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ràṣídì, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló bí àkọ́bí sọ́hùn-ún. Ọkọ Alhaja ti ṣaláìsí, kò sì sẹ́lòmíì nínú ilé wọn tó lè fún ọmọ náà ní oríkì. Tí íńtánẹ́ẹ̀tì ò bá sí, ọmọ máa gba orúkọ láìgbọ́ ohùn ìyá bàbá rẹ̀. Alfa tí wọ́n pè ti ní òun ò ní dúró de ẹnikẹ́ni, òun ní ìsọmọlórúkọ míì tóun ń lọ.

Èmi ni mo ta ráútà fún un. Àpótí kékeré tí à ń ki síìmù bọ̀ ni, òun ló ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún fóònù inú ilé. Tirẹ̀ ní bátìrì nínú, kò nílò wáyà. Kí n má parọ́, mo ń gbéra ga nígbà yẹn. Mo ti kọ́ bí mo ṣe lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòtún, kí n fi kọ̀ǹpútà wọ inú ráútà oníbàárà tó wà ní Ìpájà. Látìgbà náà, ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ rìn mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ráútà Alhaja ti ń yọ mí lẹ́nu. Lọ́jọ́ kìíní, mo ní òjò ló fà á. Òjò ò sì rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù, bí ẹni pé olè ló wọlé. Lọ́jọ́ kẹta ni ti ìsọmọlórúkọ yìí.

"Alhaja, iná wo ló ń tàn lára ẹ̀?"

"Dúró ná, kí n lọ wò ó." Mo gbọ́ ìró sálúbàtà rẹ̀. "Àwọ̀ ewé ni."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ráútà yọ lójú kọ̀ǹpútà mi. "Ó ti dé, Alhaja. Mo ti wọlé."

"Alhamdulillah. Jẹ́ n lọ jókòó."

Kò pẹ́, ráútà tún pòórá.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ṣe é. Tó bá lọ wò ó, ó dé. Tó bá kúrò níbẹ̀, ó lọ. Mo wá sọ ohun tí ẹni tó kọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ. "Alhaja, ó jọ pé kò fẹ́ ká mójú kúrò lára òun. Ẹ dúró tì í, ẹ máa wò ó."

"Òtútù ń mú mi níbí jàre."

Òtútù kẹ̀, nínú oòrùn Ìgándó? Ara fu mí. Mo tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo kó sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, mo ń lé awakọ̀ léré títí tó fi ní kí n bọ́ síwájú wá wà á.

Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́fà ni mo wọlé. "Ráútà dà, Alhaja?"

Ó mú mi lọ sí kíṣìnì, ó ṣí fíríìjì. Ráútà wà láàárín ẹyin àti abọ́ ọbẹ̀ ilá, ó ń ṣẹ́jú sí mi.

"Ẹ̀yìn ẹ̀ ló ń gbóná," ló wí. "Ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ mi ṣe ní ohun tó bá ń gbóná, ká jẹ́ kó sinmi. Tí mo bá sì pa á, mi ò ní rí Ràṣídì. Mo wá ní kó máa sinmi, kó máa ṣiṣẹ́ lọ."

Irin fíríìjì ló dínà mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Gbogbo ìgbà tó bá ṣí i láti wo iná fún mi ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ráàyè wọlé. Odidi ọjọ́ mẹ́ta, mi ò bi í léèrè ibi tó gbé e sí. Ojú tì mí gan-an.

Mo nù ún gbẹ, mo gbé e sójú wíńdò. Ràṣídì yọ lójú fóònù, ọmọ ń ké lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, alfa ń wo aago.

Alhaja gbá fóònù mú. "Àkànní," ló wí. Oríkì ọkọ rẹ̀ tó ti kú nìyẹn. "Àkànní, ọkọ mi. Ibo lo lọ látọjọ́ yìí? Ilé ti dá jù. Mò ń retí ẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í lọ. Ọmọ dákẹ́. Ràṣídì ò mira, ìyàwó rẹ̀ ò mira, alfa gan-an dúró gbagidi.

Mo já fóònù gbà lọ́wọ́ ìyá àgbà. "Ó ti há. Ẹ dúró ná, Alhaja, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti há."

Ràṣídì mí kanlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Kò há o, bọ̀dá," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá fóònù padà fún màmá mi."