Bàbá Ta-Ló-Fẹ́-Mọ̀

Bí àwọn tí Bàbá Ta-Ló-Fẹ́-Mọ̀ kọ́ ní yunifásítì bá pàdé, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò ti ẹnu wọn jáde ni ti ọjọ́ tí ó sọ odindi kíláàsì di kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ gan-an ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òwò ti kún inú gbọ̀ngàn fọ́fọ́, wọ́n ń retí ẹ̀rọ ńlá tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, nítorí pé ẹ̀kọ́ náà dá lórí bí ilé iṣẹ́ ṣe ń fi ẹ̀rọ kó ìwífún jọ, kí àwọn alákòóso lè fi í pinnu ohun tí wọn yóò ṣe. Àgbàlagbà tí ó wọlé kò mú ohunkóhun dání àfi ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo.

"Ẹ̀rọ dà, sà?" ni ẹnì kan bi í.

"Ẹ̀yin ni."

Ó pín wọn lójú ẹsẹ̀. Àwọn tí ó jókòó níwájú ni yóò máa gba ọ̀rọ̀ wọlé, àwọn ti àárín ni yóò máa ṣe ìṣirò, àwọn ti ẹ̀yìn, tí wọ́n ti ń wá ibi tí wọn yóò gbé orí lé, ni ó fi ṣe ibi ìpamọ́. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí ohùn rẹ̀ ń mi fèrèsé ni ó di ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa kígbe èsì. Ó wá fi ọmọbìnrin tín-ín-rín kan sí ẹnu ọ̀nà, ó ní kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé láìsọ ọ̀rọ̀ àṣírí.

Ọmọbìnrin yìí ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Àkọ́sórí, nítorí pé kò sí ìwé tí kò lè kà láìwo ojú ewé. Ṣùgbọ́n ó ti ṣe ẹ̀kọ́ yìí ní ọdún tí ó ṣáájú lọ́dọ̀ olùkọ́ mìíràn, ó sì ti fìdí rẹmi. Bí ó bá tún fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì, wọn yóò lé e kúrò ní ẹ̀ka náà. Nítorí náà, bí a bá ní kí ó ṣọ́ ilẹ̀kùn, yóò ṣọ́ ilẹ̀kùn.

Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi kàn án gbàgbàgbà.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọ̀rọ̀ àṣírí?" ni Àkọ́sórí wí.

"Ọ̀rọ̀ àṣírí kẹ̀? Èmi ni ọ̀gá àgbà ẹ̀ka yìí! Ṣílẹ̀kùn!"

Àkọ́sórí wo ojú olùkọ́. Olùkọ́ mirí, ó ní, "Ohun tí gbogbo olè máa ń sọ náà nìyẹn."

Ọ̀gá àgbà dúró sí ìta, ó ń gbọ́ gbogbo bí nǹkan ṣe ń lọ. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ wọlé, wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀, wọ́n fi èsì pamọ́. Ìgbà tí olùkọ́ ní kí wọ́n mú èsì náà jáde, gbogbo wọn yíjú sí ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi gbogbo agbára kígbe pé, "Ibi ìpamọ́ ti sùn lọ, sà! Ó tún ń hanrun!"

Orúkọ tí wọ́n fún Bàbá kì í ṣe àṣejù. Kò sí ìwífún tí a lè gbé síwájú rẹ̀ tí kò ní í bèèrè pé, "Ta ló fẹ́ mọ̀? Kí ni yóò fi ṣe?" Bí ìdáhùn kò bá sí, ó di kí a pa á rẹ́. Ní kíláàsì, ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Ní ìta kíláàsì, wàhálà ni. Ẹ̀ṣọ́ tuntun kan bi í lẹ́nu géètì pé, "Ibo lẹ ń lọ, bàbá?" Ó ní, "Ta ló fẹ́ mọ̀?" Àwọn méjèèjì fa ọ̀rọ̀ náà títí ìpàdé tí ó ń lọ fi parí, tí àwọn tí ó ṣe ìpàdé sì ń kí i bí wọ́n ti ń jáde.

Dókítà nìkan ni ó borí rẹ̀. Dókítà bi í bóyá ó ń sùn dáadáa.

"Ta ló fẹ́ mọ̀? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Èmi ni, sà. Mo fẹ́ fi mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ kékeré ni kí n gún yín tàbí èyí tó tóbi."

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń dáhùn ìbéèrè dókítà kí wọ́n tó bi í.

Ti ilé oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún wà níbẹ̀. Obìnrin tí ó ń dáná níbẹ̀ ní pátákó kan tí a kọ "Oúnjẹ ti tán" sí, inú lọ́hùn-ún ni ó sì máa ń gbé e kọ́. Ẹni tí yóò rí i yóò ti tò títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kú. Bàbá wo ọ̀rọ̀ náà, ó ní ìwífún wà, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó nílò rẹ̀. Ó yọ pátákó náà, ó gbé e lọ sí orígun ọ̀nà, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i láti òkèèrè. Gbogbo ènìyàn yìn ín. Ohun tí ó gbàgbé ni láti ní kí ẹnì kan máa yọ ọ́ kúrò ní àárọ̀. Ní ọjọ́ kejì, oúnjẹ délẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó yà síbẹ̀.

Obìnrin náà kò bá a jà. Ó kàn ru ìkòkò rẹ̀ wọ inú kíláàsì, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí tábìlì olùkọ́, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ lé wọn lọ. Ó yá, ẹ jẹ ẹ́!"

Gbogbo kíláàsì bá a jẹ ẹ́. Ọjọ́ náà ni ó kọ́ wọn pé ìwífún tí àsìkò rẹ̀ ti kọjá burú ju kí ènìyàn má mọ nǹkan kan rárá. Wọn kò gbọ́ gbogbo rẹ̀ dáadáa, nítorí pé oúnjẹ kún ẹnu ẹni tí ó ń sọ ọ́.

Àkọ́sórí rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Iṣẹ́ tí yóò sọ ẹni tí ó yege ti súnmọ́. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ kan, kí ó fi kọ̀ǹpútà ṣe ohun tí yóò ran ẹni tí ó ń ṣàkóso ibẹ̀ lọ́wọ́. Ilé ìfọṣọ àbúrò ìyá rẹ̀ ni ó mú. Ó kó gbogbo ohun tí ìwé sọ pé a lè kó jọ nípa oníbàárà wọ inú ẹ̀rọ, kò ṣẹ́ ọ̀kan kù. Ó gbé e wá síwájú kíláàsì, ó sì ń kà á geere bí omi.

"Ọjọ́ ìbí oníbàárà," ni ó kà.

"Ta ló fẹ́ mọ̀?"

"Àǹtí mi, sà. Àwọn ló ni ilé ìfọṣọ."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

Àkọ́sórí sáré bọ́ sí èyí tí ó tẹ̀ lé e. Bàbá ni ó kà á:

"Iye ọmọ tí oníbàárà bí. Ta ló fẹ́ mọ̀?"

Omi ti ń lé rorò sí i lójú. Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó rọra sọ fún un pé, "Ọmọ mi, kò sí máàkì tí mo lè fún ọ lórí èyí. Padà wá lọ́la. Fi ìwé sílẹ̀. Bi àǹtí rẹ ní ohun tí ó máa ń dà á láàmú níbi iṣẹ́."

Nígbà tí ó délé tí ó ròyìn fún àǹtí rẹ̀, onítọ̀hún pàtẹ́wọ́. "Ọjọ́ ìbí wọn kẹ̀? Ṣé èmi ni mo bí wọn ni? Aṣọ tí wọn ò wá gbé ló ń dà mí láàmú! A ti fọ̀ ọ́, a ti lọ̀ ọ́, ó kọ́ kún ilé títí, n ò ríbi fi tuntun kọ́ mọ́."

Àkọ́sórí jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ohun tí ó ti kó jọ rẹ́. Ó dùn ún bí ẹni pé irun orí rẹ̀ ni ó ń fá. Ohun tí ó kù kò ju ojú ewé kan lọ: aṣọ tí ó ti ṣe tán, ẹni tí ó ni ín, àti ìgbà tí ó ti wà níbẹ̀. Èyí tí ó pẹ́ jù ni ó wà lókè.

Ní ọjọ́ kejì, àǹtí rẹ̀ sìn ín wá, ó sì ń wá àga lẹ́yìn. Bàbá kọjú sí ara ògiri tí iṣẹ́ náà hàn sí, ó kà á sókè: "Kóòtù aláwọ̀ eérú. Bàbá tó máa ń jiyàn." Ó dẹ́kun. "Irú orúkọ wo nìyí?"

"Bí àǹtí mi ṣe ń rántí oníbàárà wọn nìyẹn, sà."

"Ó dára. Ta ló fẹ́ mọ̀?"

"Ènìyàn méjì ni, sà. Àǹtí mi fẹ́ mọ ẹni tí àwọn yóò kọ́kọ́ pè, kí àyè lè wà. Ẹni tó ni kóòtù náà sì fẹ́ mọ ibi tí kóòtù rẹ̀ wọlé sí."

"Ta wá ni ẹni yẹn?"

"N kò mọ̀ ọ́n, sà."

"Èmi mọ̀ ọ́n!" Àǹtí ti dìde lẹ́yìn, ó ń nàka. "Òun ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ yẹn! Mo pè é lórí fóònù títí. Bí mo bá ti ní, 'Ṣé ẹ̀yin lẹ ni kóòtù?' á ní, 'Ta ló fẹ́ mọ̀?' á sì pa á!"

Ẹ̀rín gba gbogbo gbọ̀ngàn. Gbogbo wọn ni ó mọ̀ pé nítorí kóòtù kan báyìí tí ó ń wá kiri, Bàbá kò jẹ́ kí akọ̀wé ẹ̀ka náà gbádùn mọ́. Bàbá fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Nígbà tí ó rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ní, "Ẹ̀kọ́ mi nìyẹn. Èmi gan-an ni n kò gbọ́ ọ." Ó yíjú sí ọmọbìnrin náà. "O yege."

Àkọ́sórí parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn tí ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, òun ni ó ń ṣe ojú ewé tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ́kọ́ wò ní àárọ̀, èyí tí ń sọ oògùn tí ó fẹ́ tán.

Nígbà tí Bàbá kú, àwọn tí ó kọ́ péjọ sí gbọ̀ngàn náà láti rántí rẹ̀. Ìtàn ń lé ìtàn. Ẹ̀rín kò jẹ́ kí àwọn mìíràn parí tiwọn. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ìyàwó olóògbé ní kí wọ́n pe ọmọ ilé ìfọṣọ wá fún òun.

"Ìwọ nìyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ní ọjọ́ tó ní kí o lọ tún un ṣe, kò jẹun. Ó kàn ń rìn káàkiri yàrá ìgbàlejò. Ó ní, 'Wọ́n á lé ọmọ yẹn o. N kò sì lè fún un ní ohun tí kò tọ́ sí i. Tí kò bá rí i ṣe ní ọ̀la ńkọ́?' Mo ní kó jókòó, ó kọ̀." Ìyá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ní ọjọ́ kejì, láti ojú títì ló ti ń pariwo bọ̀, pé, 'Ó yege! Ó yege o!' Gbogbo àwọn ará àdúgbò jáde, wọ́n ń bá wa yọ̀. Wọ́n ṣe bí ọmọ tí a bí ni ó yege. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Àkọ́sórí kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó di ọwọ́ ìyá náà mú nínú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Ẹ ṣé, mà," ni ó wí. Ó tún un wí. Àwọn ènìyàn ti ń to àga padà, òun kò tíì dìde.