Òórùn Èéfín Nínú Bíà Mi

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn ẹja tí wọ́n ń yan, inú á kọ́kọ́ bí mi kí ebi tó pa mí. Òórùn yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ ní Awoye, ìlú wa létí òkun, nígbà tí mo kúrò nílé iṣẹ́ ọtí kan ní ìgboro, tí mo padà wálé láti máa pọn bíà fúnra mi.

Bíà tó fúyẹ́ ni mo fẹ́ràn, èyí tó mọ́ gaara tí kò sì korò jù. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n pọn tán. Irú bíà bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ òtútù, nítorí náà mo ń ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá fún ẹja, mo sì ń tò ó yí kẹ́ẹ̀gì ká bí ẹni ń tọ́jú ọmọ tuntun. Omi òjò ni mo fi ń pọn ọ́n, torí omi ẹ̀yìnkùlé wa níyọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń retí kí n wá bá òun da àwọ̀n. Ó ní kí n gbé bíà mi wá lọ́jọ́ tí òun bá gbé ọkọ̀ tuntun òun sómi. Bí àwọn apẹja bá mu ún, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Bí wọn ò bá mu ún, àwọ̀n ń dúró dè mí.

Wọn ò mu ún. Ẹni tó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò tu ú sódò, ó ní ẹja yíyan ni mo rọ sínú ìgò. Ẹ̀rín sọ. Èmi tí mo fi omi gbígbóná ṣan ìgò títí ọwọ́ mi fi bó! Mo dá ìwúkàrà lẹ́bi, mo dá ọkà lẹ́bi, mo bú ẹni tó tà á fún mi. Ìgbà tí mo délé tí mo bu omi mu nínú dírọ́ọ̀mù tí a fi ń gbe omi òjò ni mo tó gbọ́ òórùn náà. Orí páànù ilé ìdáná ìyá wa, níbi tó ti ń yan ẹja látìgbà tí wọ́n ti bí wa, ni òjò ti ń ṣàn sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ilé ní Awoye ṣe ń gbe omi. Omi eléèéfín tí wọ́n ń mu láràárọ̀ nìyẹn o, kò sì sẹ́ni tó tu tiẹ̀ dànù rí! Tèmi nìkan ni wọ́n rí bú. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kò ní rí mi nínú ọkọ̀ rẹ̀.

Mo lọ tọrọ omi orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í dáná. Bíà tí mo fi í pọn mọ́ rekete. Wọ́n mu ún tán, wọn ò yìn mí, wọ́n kàn ní kí n gbé òmíràn wá.

Òkun ti gbé ilé ìdáná náà lọ báyìí, àti ilé wa pẹ̀lú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ṣèlérí pé àwọn á to òkúta sétí omi láti dá òkun dúró wá ya fọ́tò, wọ́n sì lọ. Ìyá wa wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní ìgboro, níbi tí wọn kì í ti í jẹ́ kó fi igi dáná. Láìpẹ́ yìí, ẹ̀gbọ́n mi wá kí mi níbi tí mo ti ń pọn bíà ní Awoye, mo bu bíà fún un. Ó ní ó dáa, àmọ́ ṣé mi ò lè pọn èyí tó ní òórùn èéfín yẹn fún òun ni.

Orí mi gbóná. Lẹ́yìn gbogbo yẹ̀yẹ́ yẹn! Mo bi í pé, "Omi orí páànù wo ni kí n fi pọn ọ́n?"

Ó kọjú sí ibi tí ilé wa wà tẹ́lẹ̀, tó ti di omi, ó sì mu ìyókù bíà rẹ̀. Inú ṣì ń bí mi, àmọ́ kì í ṣe sí ẹ̀gbọ́n mi mọ́, sí àwọn tó wá ya fọ́tò ni.