Ọwọ́ Àlàájà Lábẹ́ Ìhà Ọkọ Rẹ̀

Ọjọ́ tí wọ́n gbé Àlàájì Mùfútáù dé wọ́ọ̀dù wa ní Jẹ́dà, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ àṣírí lọ. Awakọ̀ ni. Ó ń kó omi lọ sí àwọn àgọ́ Mínà nígbà iṣẹ́ Haji, ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé, ọrùn rẹ̀ sì ṣẹ́. Láti àyà dé ẹsẹ̀, kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Mo ti lo ọdún mẹ́ta nínú kọ́ńtíráàtì mi níbẹ̀, iṣẹ́ fisiotẹrápì ni mò ń ṣe.

Ẹsẹ̀ tí kò rìn ni àwọn mọ̀lẹ́bí máa ń sunkún lé lórí, ṣùgbọ́n ikọ́ ló máa ń bà mí lẹ́rù. Iṣan ikùn ló ń ti ikọ́ jáde. Tí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró, á sì dí ọ̀nà èémí. Nítorí náà, a máa ń bá aláìsàn wú u: mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ sí òkè ikùn rẹ̀, lábẹ́ ìhà, á mí kanlẹ̀, bó bá ti fẹ́ wúkọ́, màá tì í wọlé, sókè, lẹ́ẹ̀kan náà.

Kó tó lè padà sílé ní Al-Sabeel, àdúgbò kan ní Jẹ́dà, ìyàwó rẹ̀, Àlàájà Sìdíkátù, gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Ó kọ̀.

"Dókítà, egungun rẹ̀ á ṣẹ́."

Mo ti sọ fún un títí pé n kì í ṣe dókítà. Ó ní ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun, dókítà ni.

"Kò ní ṣẹ́, mà."

Ó fọwọ́ kàn án bí ẹni fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Ó sú mi. Mo ní bí kò bá fẹ́ kọ́ ọ, ọkọ rẹ̀ kò ní kúrò níbí. Ó fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú. Ẹ̀rù ló ń bà á, èmi sì bá a wí bí ọ̀lẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ọ̀sì pè mí pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti há Àlàájì lọ́fun, òun fẹ́ lọ gbé ẹ̀rọ tó ń fà á. Mo sáré gun àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo débẹ̀, ètè Àlàájì ti ń dúdú, Àlàájà sì ti fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìhà rẹ̀.

"Bàbá Sàfúrà, ẹ mí kanlẹ̀. Ó yá, ẹ wú u."

Ó tì í. Kò jáde. Ó wo ojú mi. Mo fẹ́ gba ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà níbi tó yẹ gan-an.

"Ẹ tún un ṣe, mà. Ẹ fi agbára sí i."

Lẹ́ẹ̀kejì, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà jáde, ó nípọn. Àlàájì fa èémí gígùn.

"Ìyá Sàfúrà," ó rọra sọ, "mi ò mọ̀ pé o lágbára tó báyìí."

Àlàájà rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó sílẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ojú mi ti kọ́ ọ tipẹ́," ó ní. "Àyà mi ni kò gbà."

Nígbà tí kọ́ńtíráàtì mi parí, mo lọ dágbére fún wọn nílé. Bí mo ti ń jẹun lọ́wọ́, mo gbọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ́fun Àlàájì, mo sì dìde láìronú.

Àlàájà ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣáájú mi.

"Ẹ jókòó, Dókítà," ó ní. "Àlejò ni yín."

Mo jókòó, mo sì ń jẹun lọ.