Orúkọ Tó Ń Lọ sí Òkè Ọya

Mo ti dàgbà kí n tó wọ ilé-ìwé. Irùngbọ̀n ti ń yọ ní àgbọ̀n mi nígbà tí mo jókòó láàárín àwọn ọmọ tí eyín wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká. Oko bàbá mi lẹ́yìn Ìkẹ́nnẹ́ ni mo ti lọ. Bàbá Kíláàsì ni wọ́n ń pè mí. Tísà wa gbà pé orí akẹ́kọ̀ọ́ dà bí ìlẹ̀kùn tó há, pé ẹgba ló lè ṣí i. Kò kà á nínú ìwé kankan. Bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn. Ẹ̀yìn mi ni mo fi kọ́ ìwé kíkà.

Ìdí nìyẹn tí ó fi yà mí lẹ́nu nígbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, tí wọ́n sọ fún wa pé àwọn kan ti wà láyé rí tí gbogbo ìrònú wọn dá lórí bí a ṣe ń kọ́ni àti bí ènìyàn ṣe ń mọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àsìkò náà ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ ń tú jáde láti abúlé gbogbo bí esunsun lẹ́yìn òjò, tísà kò sì tó. Wọ́n ń fi ìkánjú kọ́ wa.

Mo ti gbéyàwó nígbà náà. Ọmọ Ṣàgámù ni. Òwò obì góòrò ni òun àti ìyá rẹ̀ ń ṣe. Wọ́n á rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi títí awọ funfun ara rẹ̀ yóò fi bọ́, wọ́n á ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò. Wọ́n á wá fi ewé tẹ́ inú agbọ̀n, wọ́n á kó góòrò sí i, wọ́n á sì fi àpò kòkó àlòkù wé e, wọ́n á rán ẹnu rẹ̀ pa. Lọ́rì ló ń gbé e lọ sí Òkè Ọya. Oníkálùkù ní àmì tirẹ̀ lára àpò, ọkùnrin kan ní gáráàjì ló sì máa ń fi ọ̀dà dúdú bá gbogbo wọn kun àmì náà. Ilà mẹ́ta àti òbìrìkìtì kan ni ti ìyá ìyàwó mi.

Ìyàwó mi kò lọ sílé-ìwé rí. Nínú gbogbo ìwé tí mo ń kà, ohun kan ṣoṣo ló fẹ́: kí òun fi ọwọ́ ara òun kọ orúkọ òun sára agbọ̀n òun.

"Kì í ṣe ilà," ni ó wí. "Ta ni kò lè fa ilà? Orúkọ mi ni mo fẹ́ kó lọ."

Bí mo bá ti wálé fún ìsinmi, a ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì góòrò lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀, síléètì lọ́wọ́ mi, ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ ni mo ń dán wò lára rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bàbá kan tó gbé ayé ṣáájú ìbí Jésù, tó máa ń dúró láàárín ọjà tí yóò máa bi ènìyàn ní ìbéèrè. Kì í fẹ́ sọ ìdáhùn fún wọn. Ó gbà pé ìmọ̀ wà nínú oníkálùkù, pé bí agbẹ̀bí ni olùkọ́ rí.

Mo nawọ́ sí lẹ́tà kan lórí síléètì. "Kí ni èyí jọ lójú rẹ?"

"Ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni mo ń bi."

Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ìyá, ẹ wá wo Tísà o. Wọ́n mọ ọ̀nà, wọ́n tún ń béèrè ọ̀nà."

Ìyá rẹ̀ kò gbójú sókè nídìí góòrò. "Bóyá wọ́n rán an wá kó wá fi wá ṣẹ̀sín ni."

Mo ní bí bàbá náà ṣe ń kọ́ni nìyẹn.

"Kí wá ni àwọn ará ọjà ṣe fún un?" ni ìyàwó mi béèrè.

"Wọ́n fún un ní májèlé mu."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, bí mo bá fẹ́ bi wọ́n ní ìbéèrè kankan, ìbáà ṣe pé níbo ni omi wà, wọ́n á ní kí n ṣọ́ra, kí n rántí májèlé.

Nígbà tí mo tún wálé, mo mú òyìnbó kan wá tó ní ọkàn ọmọ tuntun dà bí tákàdá tí a kò tíì kọ nǹkan sí, pé ohun tí ojú rí àti ohun tí ọwọ́ kàn ló ń kọ ara wọn síbẹ̀. Ìyàwó mi ronú sí èyí dáadáa.

"Tákàdá tèmi ti kún, Tísà. Góòrò ló kún un. Ẹ wá etí rẹ̀ níbì kan kẹ́ ẹ kọ tiyín sí."

Ẹnì kan wà tí èmi fẹ́ràn. Ó ní kí a fi ọmọdé sílẹ̀ kó dàgbà bí igi ṣe ń dàgbà, kí a má tètè fi ìwé há a mọ́. Èmi tí mo pẹ́ kí n tó wọ ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tù mí nínú. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wa kò fi èyí tó kù pa mọ́ fún wa, èmi náà kò sì fi pa mọ́ fún ìyàwó mi: ọkùnrin náà kó àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tí a gbé sọnù.

Ìyàwó mi dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "Àwọn ọmọ tó bí?"

"Àwọn ọmọ tó bí."

"Òun fúnra rẹ̀ wà láàyè?"

"Ó wà láàyè."

"Ẹ má sọ ti ẹni yẹn fún mi mọ́."

Àwa kò tíì bímọ nígbà náà. Mo pa ìwé náà dé.

Ẹni tó wá gbà wá ni ará Amẹ́ríkà kan tó ní nípa ṣíṣe nǹkan ni ènìyàn fi ń mọ nǹkan, pé kò yẹ kí ilé-ìwé ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbé-ayé akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ìyàwó mi gbọ́ èyí, ó ní, "Ẹ gbé síléètì yẹn kúrò níwájú mi nígbà náà." Mo gbé e kúrò. Mo jẹ orí pákò kan títí ó fi fọ́n, mo gba ọ̀dà wá, mo kọ orúkọ rẹ̀ sára àpò kan tó ti ya, òun náà sì ń kọ ọ́ sábẹ́ tèmi. Lẹ́tà rẹ̀ ń tẹ̀ sí apá òsì bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń tì. Nígbà tí ìsinmi náà ń parí lọ, ó lè kọ ọ́ láìwo tèmi.

Kò fẹ́ kí àwọn ará gáráàjì máa wo òun bí òun ṣe ń kọ ọ́. Nítorí náà ó tẹ́ àpò tuntun sílẹ̀ nílé, ó kúnlẹ̀ tì í, ó kọ orúkọ rẹ̀ gbàgàdà láti etí kan dé etí kejì. Ó dára lójú wa. Ọ̀dà gbẹ. Wọ́n fi wé agbọ̀n góòrò. Ìgbà tí wọ́n fa àpò pọ̀ láti rán ẹnu rẹ̀ ni a rí i pé ìdajì orúkọ náà ti ká wọ abẹ́ ojú ìránsọ. A ti gbàgbé pé lẹ́yìn tí wọ́n bá rán an tán ni wọ́n ń kun àmì.

Ìyá rẹ̀ di ìhà mú fún ẹ̀rín. "Ìdajì rẹ ló ń lọ Òkè Ọya o! Ìdajì tó kù, wá lọ dáná fún ọkọ rẹ."

Mo rò pé yóò sunkún. Kò sunkún. "Ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Nígbà míì, màá rán an kí n tó kọ ọ́."

Ìyá rẹ̀ kun ilà mẹ́ta àti òbìrìkìtì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹrù má bàa sọnù. Ìyàwó mi bá agbọ̀n náà dé gáráàjì. Ó dúró síbẹ̀ títí eruku lọ́rì fi lọ sílẹ̀.

Mo padà sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Wọ́n rán mi lọ sí abúlé kan lẹ́bàá Akaka láti lọ dánra wò ní kíkọ́ni. Mo ní ọ̀rọ̀ ará Amẹ́ríkà náà lórí, nítorí náà mo kó àwọn ọmọ jáde lọ sábẹ́ igi góòrò kí a fi igi àti èso kọ́ ìṣirò. Bàbá kan dá mi dúró lójú ọ̀nà, àdá rẹ̀ léjìká.

"Tísà, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Oko ni, Bàbá. Ẹ̀kọ́ ni."

"Mo ní oko nílé. Kí ọmọ mi lè bọ́ lọ́wọ́ oko ni mo ṣe fà á lé ọ lọ́wọ́. O ti wá ń dá a padà fún mi nìyẹn?"

Mo kó wọn padà sí kíláàsì. Mo tọ́jú ọ̀rọ̀ náà de ìyàwó mi. Mo mọ ibi tí yóò ti rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Mo tilẹ̀ ń tò ó lẹ́nu bí n ó ṣe sọ ọ́.

Ẹni tó wá pè mí gun kẹ̀kẹ́ wá láti Ṣàgámù. Ó ní ara ìyàwó mi kò yá, pé ibà ni, pé kí n máa bọ̀. Àgbà ni, ó jù mí lọ dáadáa, síbẹ̀ òun ló gba ẹrù lọ́wọ́ mi tí ó sì so ó mọ́ kẹ̀kẹ́. Bí ó ṣe gba ẹrù yẹn ni mo fi mọ̀.

Òkú ọ̀fọ̀ ni. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa, ìyá kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Wọ́n mú ìyá rẹ̀ lọ sí Ìperu lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Nígbà tí yóò fi dé, wọ́n ti kó aṣọ rẹ̀ àti ìkòkò rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Kò béèrè ọ̀kankan nínú wọn. Kò dárúkọ ọmọ náà mọ́, kò sì sí ẹni tó jẹ́ pe orúkọ náà níwájú rẹ̀. Èmi náà kò kọ ọ́ síhìn-ín.

Mo padà sí ilé-ẹ̀kọ́ nítorí n kò mọ ibòmíràn tí mo lè lọ. Ibẹ̀ ni olùkọ́ wa ti dé orí obìnrin kan, dókítà ará Ítálì, tó ń gé lẹ́tà láti inú tákàdá tó rí ṣákaṣàka, kí ọmọdé lè máa fi ìka tọ ọ́. Ó ní ọwọ́ lè mọ̀ kí ojú tó mọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwọn yòókù ṣe ń kọ ọ́. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ni mo mọ̀ pé ìyàwó mi ì bá gbà láìjà. Kò sí ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo lọ kí ìyá ìyàwó mi. Mo bá a lẹ́yìn ilé. Lọ́rì ti kó àwọn àpò òfìfo dé láti Òkè Ọya, ìyá sì ń ṣa èyí tó ní àmì tirẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Ó fa àpò kan yọ, ó gbọ̀n ọ́n, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Wọ́n ti tú ojú ìránsọ rẹ̀. Orúkọ náà wà níbẹ̀ lódindi. Oòrùn àti òjò ti jẹ ìdajì tó wà níta, ó ti ṣá bí aṣọ àlòpẹ́. Ìdajì tó wà lábẹ́ ìránsọ ṣì dúdú bíi pé àná ni wọ́n kọ ọ́.

Ó nawọ́ sí i.

"Tísà. Kí ló wà níbí?"

N kò lè pe orúkọ náà níwájú rẹ̀. "Ìyá, ẹ mọ̀ ọ́n," ni mo wí.

"Mo mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni n kò mọ̀." Ó na ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún sí mi. "Kọ́ mi."

N kò bi í ní ìbéèrè kankan. N kò ṣàlàyé. Mo mú ìka rẹ̀, mo gbé e lé ibi tó dúdú, níbi tí ọ̀dà ti nípọn tí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n, mo sì tọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà dé ìparí rẹ̀. Lẹ́yìn náà a tọ ibi tó ti ṣá. Ọwọ́ rẹ̀ le, góòrò ti pa á láró. A tọ ọ́ títí òun fi ń fa ọwọ́ mi dípò kí n máa fa tirẹ̀. Kò sunkún, èmi náà kò sunkún. Ó ká àpò náà, ó mú un wọ yàrá. Kò kó góòrò sínú rẹ̀ mọ́.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa báyìí. N kò fẹ́ ẹlòmíràn. Mo ti kọ́ni káàkiri ilẹ̀ Rẹ́mọ, mo sì ti lo ọ̀rọ̀ gbogbo àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn. Bí mo bá bi ọmọ ní ìbéèrè tí mo mọ ìdáhùn rẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún un pé mo mọ̀ ọ́n. Mo máa ń wá etí tákàdá. N kì í kó ọmọ lọ sóko kí n tó lọ kí bàbá rẹ̀. Àwọn olùkọ́ tí ó wà lábẹ́ mi rò pé inú ìwé ni mo ti rí gbogbo rẹ̀.

Ìyá ìyàwó mi fi ilà àti òbìrìkìtì sílẹ̀ láti ìgbà náà. Gbogbo agbọ̀n tó jáde nílé rẹ̀, lẹ́yìn tó bá rán an tán, orúkọ yẹn ló ń kọ sí i, lẹ́tà gbogbo á tẹ̀ sí apá òsì, nítorí ara àpò yẹn ló ti kọ́ ọ. Títí ó fi kú, n kò gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Òkè Ọya kò mọ ìtàn kankan. Wọ́n rò pé orúkọ ìyá náà ni. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn fúnra rẹ̀ wá sí Ṣàgámù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pe orúkọ náà sínú ilé, tòun ti ẹ̀rín.

Ìyá náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó dìde.

"Mo ń bọ̀," ni ó dáhùn.