Ọmọ Keje Nínú Ilé Karùn-ún

Ojú mi báyìí ni mo fi rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹnikẹ́ni ní ọjà Adéwuí bá ń sọ ọ́ fún yín lọ́nà mìíràn, ẹ bi í pé níbo ló wà nígbà náà. Àgbọ́sọ ni tirẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì fọwọ́ sí i.

Ìwé ayò ni. Nínú àwa ọmọ Nàìjíríà tí àwọn bàbá wa ti wà ní Lomé kí wọ́n tó bí wa, kò sí ẹni tó tó mi ta ayò, àfi ẹnì kan. N kò fọ́nnu. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi awọ tuntun bo ìjókòó alùpùpù fún àwọn ọlọ́kadà tí à ń pè ní sẹ́mìjàn, àwọn oníbàárà mi sì ń ti Avépozo lẹ́yìn ìlú wá, torí pé abẹ́rẹ́ mi kì í ṣìnà. Ọdún mẹ́ta péré ni mo lò nílé ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ kó olùkọ́ mẹ́ta jókòó síwájú ọpọ́n, kí oòrùn tó yí, màá ti jẹ wọ́n tán.

Ẹnì kan tí mo yọ sílẹ̀ yẹn ni Bàbá tó kọ́ mi ní ayò, kì í ṣe bàbá tó bí mi. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Aṣọ ló tà ní Adéwuí títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì, láti ìgbà náà ló ti ń fi ìka ríran. Á ki ìka bọ inú ilé lórí ọpọ́n, á sì pe iye ọmọ ayò tó wà níbẹ̀ kí ojú tèmi tó kà á tán.

Bàbá ní ayò kan tó ta nígbà èwe rẹ̀, nílé, pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ kan. Ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ṣì wà láàyè, ó sì ń jiyàn títí dòní pé irọ́ ni, pé kò sẹ́ni tó jẹ òun bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí àwọn ọmọ Bàbá pinnu láti mú un padà sílé kó lọ sinmi, ohun kan ṣoṣo ló bèèrè lọ́wọ́ wa.

Ó ní, "Ẹ bá mi kọ ayò yẹn sínú ìwé. Ẹnu arúgbó méjì kò lè parí ìjà yìí. Ìwé ni yóò parí rẹ̀."

Ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́, ọmọ Ifẹ̀ ti ilẹ̀ Tógò, láti Atakpamé, ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ayò méje ló gbà lẹ́nu Bàbá nínú mọ́kànlélógún tí Bàbá ṣèlérí, ó sì ya ọpọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmì dúdú kọ̀ọ̀kan dúró fún ọmọ ayò kan. Ayò tí à ń sọ yìí ló wà ní ojú ìwé kọkànlá. Bàbá ti jẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, alátakò ti jẹ mẹ́tàdínlógún. Gbogbo ohun tó kù fún Bàbá ni ọmọ mẹ́fà nínú ilé karùn-ún tirẹ̀. Ó kó o, ó fi ọ̀kan sí ilé kẹfà, ó gbin márùn-ún tó kù sí ilé alátakò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kẹ́yìn bọ́ sínú ilé tí ọmọ méjì wà, ó di mẹ́ta, ó jẹ ẹ́, ó sì ń jẹ bọ̀ wá sẹ́yìn, ilé mẹ́rin lẹ́sẹ̀ kan náà. Ọmọ mẹ́wàá! Ẹni tó bá ti jẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú méjìdínláàádọ́ta, ọ̀ta ni. Ẹni tó kù ni ọ̀pẹ.

Ilé ìtẹ̀wé gbé ìwé àpẹẹrẹ wá, èyí tí a gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Olùkọ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn náà bá wa wò ó."

"Ta ni ẹlòmíràn? Nínú Lomé yìí?"

"Ojú méjì dára ju ọ̀kan lọ ni mo wí."

"Ó dára fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò tó. Gbé bíìkì wá kí n fọwọ́ sí i."

Mo gbé ọpọ́n sílẹ̀, mo wo àwòrán, mo to ọmọ ayò, mo ta á. Ó bọ́ síbi tó yẹ. Mo fọwọ́ sí i. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ojú mi ló wo ìwé o, ọwọ́ mi kò wò ó. Ọwọ́ mi ti mọ ayò yẹn láti ọgbọ̀n ọdún, mẹ́fà ló máa ń mú fún ilé karùn-ún, mẹ́fà náà ló sì mú. Méje ló wà nínú àwòrán.

Ọgọ́ta ìwé ni wọ́n tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin Bàbá ló rí i. Bọ́tìnnì, òwú àti síìpù ló ń tà ní Adéwuí. Ó pè mí bí mo ṣe ń kọjá.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mélòó ló wà nínú ayò?"

"Èmi lò ń bi?"

"Ẹ sáà dá mi lóhùn."

"Méjìdínláàádọ́ta."

"Mo ka ti ojú ìwé kọkànlá, mo ro èyí tí wọ́n ti jẹ mọ́ ọn. Mọ́kàndínláàádọ́ta ni. Èyí tó lé yẹn, ta ló bí i fún yín?"

Obìnrin ẹ̀yà Mínà tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi, "Fofó, félisitasiọ́n!" ó ń kí mi kú oríire bí ẹni pé ìyàwó mi ló bímọ. Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọ Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá ò tíì mọ̀. Ọjọ́ Sátidé la máa gbé wọn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe."

A dáná sun gbogbo ìwé àkọ́kọ́. Olùkọ́ ti lọ sí Atakpamé. Ó ní kí n dúró de òun di ọjọ́ Ẹtì, kí òun fi ojú ara òun rí i. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo pe atẹ̀wé lórí fóònù.

"Ojú ìwé kọkànlá. Ilé karùn-ún láti ọwọ́ òsì. Yọ ọmọ kan kúrò."

"Ilé karùn-ún, ọ̀gá mi, pàtírọ́ọ̀nù?"

"Ṣé èdè mìíràn ni mò ń sọ ni?"

Ẹ wò ó, ẹni tó bá ń ta ayò, tó bá ní "ilé karùn-ún", ilé tirẹ̀ ló ń sọ. Ta ní ń ka ilé ẹlòmíràn? Ṣùgbọ́n atẹ̀wé kò ta ayò rí. Ìlà méjì ló rí nínú àwòrán. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, bí a ti ń ka ìwé, ìlà òkè sì ni ti alátakò. Ó ka márùn-ún, ó bá ọmọ kan ṣoṣo nínú ilé náà, ó pa á rẹ́. Méje ilé Bàbá dúró digbí.

Mo lọ síbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, mo lọ! Lọ́tẹ̀ yìí mo fi ẹnu bíìkì ka àmì kọ̀ọ̀kan, mo ro èyí tí wọ́n ti jẹ mọ́ ọn, ẹ̀ẹ̀mẹta. Méjìdínláàádọ́ta géérégé. N kò to ọpọ́n. Obìnrin kan ti fi kíkà dójú tì mí ní ọjà, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi náà mọ̀ ọ́n kà. Mo fọwọ́ sí i.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Bàbá gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó fi ìka pa ojú ewé rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ó tán nìyẹn."

Ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí oòrùn rọlẹ̀ díẹ̀, ọmọ rẹ̀ pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́ lórí fóònù alámòóhùnmáwòrán. Ìyẹn ni mo fi sọ pé mo fi ojú mi rí i. Ọpọ́n wà lórí ẹní. Bàbá jókòó níhìn-ín, ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó lọ́hùn-ún, àwọn ará àdúgbò yí wọn ká. Ọmọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ náà bí, àgbàlagbà tó ti hu ewú, ń kà á láti inú ìwé, ó sì ń to ọmọ ayò.

"Ilé karùn-ún, méje."

Bàbá gbé orí sókè. "Mẹ́fà ni."

Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní, "Rárá o! Ìwé la ó tẹ̀lé. Ìwọ lo ní ìwé ni yóò parí ìjà. Ó yá, ta á."

Bàbá kó méje, ó gbin ín. Èyí tó kẹ́yìn bọ́ sínú ilé òfìfo. Kò jẹ nǹkan kan. Ó fi ìka wá inú ilé náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọ̀pẹ!" ni ẹgbẹ́ rẹ̀ kígbe. "Ó gbé àdánù rẹ̀ láti Tógò wá fún mi, ó tún fi ìwé dì í!" Ẹ̀rín ta bí ìbọn.

Bàbá yí ojú síbi tó rò pé fóònù wà. "Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, Bàbá."

"Ta ló ṣe èyí?"

Ọ̀rọ̀ kékeré ni ìdáhùn rẹ̀. Mo ti ń sọ "èmi ni" nípa gbogbo nǹkan láti ìgbà tí mo ti gbọ́n. Ọjọ́ yẹn nìkan ni n kò lè sọ ọ́.

Mo ní, "Àwọn atẹ̀wé ni, Bàbá."

Ó fi ọwọ́ ti ọpọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Olùkọ́ lọ bá atẹ̀wé jà nítorí ohun tí mo sọ. Atẹ̀wé fi ìwé àpẹẹrẹ méjèèjì hàn án. Olùkọ́ gbé wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó tẹ́ wọn sórí awọ tí mo ń gé. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ni ọwọ́ yìí?" Mo fa awọ mi yọ lábẹ́ wọn, mo ń gé e lọ. Ó jáde, kò sì padà wá mọ́. Òun náà ló pe Bàbá, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, kó sì fún wa ní àwọn ayò tó ṣẹ́kù bó ti ṣèlérí. Bàbá ní òun ti ta ayò tán.

Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà tí Bàbá kú. Mo ti pè é títí, ọmọ rẹ̀ a ní wọ́n sùn. N kò rí ààyè sọ ọ̀rọ̀ kékeré yẹn.

Títí di òní, bí mo bá fi ayò náà han àwọn ọ̀dọ́ bó ti rí gan-an, wọ́n á ní kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Èmi, ọ̀ta! Ìwé tí mo fọwọ́ sí ni wọ́n fi ń bá mi jiyàn.

Ohun tó sọnù nìyí. Ọgọ́ta ìwé tí a sun. Ọgọ́ta mìíràn tó wà nígboro, n kò rí ju mọ́kàndínlógún gbà padà. Ayò mẹ́rìnlá tí Bàbá kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rẹ́ kan. Bàbá kan.