Ọjọ́ tí Wọ́n Ka Ìkíni Wa Mọ́ Ìbò ní Mápó

Ìgbà tí epo bẹntiróòlù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n, tí àwa tí à ń gbé ní Kúdẹtì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn dé Bẹẹrẹ kí a tó wọ ọkọ̀, ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Kò tíì pẹ́ púpọ̀. Àmọ́ àwọn àbúrò tó ń wọlé sí ẹgbẹ́ àwa ọmọ ìwádìí báyìí ti ń bi mí léèrè bí ẹni ń bi ìyá àgbà léèrè ogun. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí a fi máa ń ní kí àwọn àgbà kọ́kọ́ jókòó kí ẹnikẹ́ni tó tò sórí ìlà. Mo rò pé ó yẹ kí ẹni tó wà níbẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́, nítorí àwọn kan tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ṣì ń pàdé mi lọ́nà, a sì ń kíra wa tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣirò nígbà náà. Ẹ̀ka tí mo yàn kéré gan-an, àwọn tó ń ṣe é nílẹ̀ wa kò pọ̀ rárá. Okùn ni à ń wò níbẹ̀. Bí o bá ta okùn ní kókó, tí o sì so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ṣé kókó yẹn àti èyí tí ẹlòmíràn ta jẹ́ ọ̀kan náà? Ṣé a lè fi ọwọ́ yí ọ̀kan padà títí yóò fi di èkejì, láì fi ọ̀bẹ kàn án? Ọmọdé lè bi ìbéèrè yìí, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ lè jẹ ọ̀pọ̀ ọdún nínú ayé èèyàn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ojú máa ń tì mí láti sọ bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Yunifásítì ti gbà mí fún oyè ọ̀mọ̀wé, ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ ẹ̀ka náà sì ti ní òun yóò tọ́ mi sọ́nà kí òun tó fẹ̀yìn tì. Owó ìwádìí nìkan ló kù.

Mo kọ̀wé síbí, mo kọ̀wé sọ́hùn-ún. Àwọn tó ní owó fún ìṣirò ń wá èyí tó jẹ mọ́ báńkì tàbí àrùn. Àwọn kan lókè òkun dá mi lóhùn pé àwọn tó ń ṣe ẹ̀ka mi ní Áfíríkà kò tíì pọ̀ tó ohun tí àwọn lè ná owó lé. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo ń rò ó. Báwo ni wọn yóò ṣe pọ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá fún ẹni àkọ́kọ́ lówó?

Ibi tó ṣẹ́kù ni Àpò Ìwádìí. Àwọn ọmọ agboolé àtijọ́ ní Ìbàdàn tí Ọlọ́run ṣe é fún ló dá a sílẹ̀, kí ọmọ agboolé tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí lè rí ìrànlọ́wọ́, ohun yòówù kó máa wádìí. Òfin rẹ̀ tó le jù ni pé mọ́gàjí rẹ, ìyẹn olórí agboolé yín, gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú ìgbìmọ̀ pé òun mọ̀ ọ́ lọ́mọ. Bí mọ́gàjí bá ní òun kò mọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ parí.

Ní ìpàdé kan ní Bẹẹrẹ ni Alága ìgbìmọ̀ ti kéde pé láti ìgbà náà lọ, ohun tí ìlú lè fọwọ́ bà ni Àpò yóò máa ná owó lé. Ó wò yíká, ojú rẹ̀ bọ́ sí mi lára, ó ní kí n dìde kí n sọ ohun tí èmi ń kà. Mo ṣàlàyé okùn.

"Okùn," ni Alága wí. "Ọmọ mi, ewúrẹ́ wo lo fẹ́ so?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ohun tó sì dùn mí jù lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Kọ́lá ló bá mi dáhùn. Ọmọ awakọ̀ kan ní Ìdí Arẹrẹ ni, ìdílé Aládùúrà, ìṣirò ni òun náà ń ṣe. Ó ní kí Alága jọ̀wọ́ rántí pé àwọn tó dá Àpò sílẹ̀ kò yọ ẹ̀ka kankan sílẹ̀. Alága ní kó jókòó, pé àwọn tó dá a sílẹ̀ kò mọ̀ pé èèyàn lè sọ okùn di iṣẹ́.

Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. A kó ara wa jọ, àwa oníṣirò, àwọn tó ń kà nípa òkúta, àwọn tó ń kà nípa èdè tó ń kú lọ, a sì fi Kọ́lá ṣe olórí. A lọ ṣa páálí òfìfo ní Ọjà'ba, a kọ ohun tí a fẹ́ sí i, oníkálukú fi okùn tó ti ta ní kókó kọ́ ọrùn, a sì gun òkè lọ sí Mápó, níbi tí ìgbìmọ̀ ń jókòó lọ́jọ́ náà. Àwọn ọlọ́jà ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ bí a ṣe ń kọjá. Ìyá kan tó ń ta páànù bi mí pé èló ni okùn ọrùn mi. Mo ní kì í ṣe títà. Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Ẹ ò tà á, ẹ ò sì fi so nǹkan kan," ó ní. "Ẹ yáa bọ́ ọ lọ́rùn o, kí wọ́n má baà fi fà yín."

A dúró nínú oòrùn títí Alága fi jáde sí wa. Ẹ̀rín ló bá jáde. Ó ní kí wọ́n fún wa lómi mu, ó sì ní ìgbìmọ̀ ti gbà pé kí àwa ọmọ ìwádìí yan ẹnì kan tí yóò bá wọn jókòó, tí yóò ní ohùn tí yóò sì ní ìbò. Gbogbo wa mọ̀ pé ìgbìmọ̀ náà ti pín sí méjì ọgbọọgba lórí ọ̀rọ̀ wa, nítorí náà ẹni tí a bá yàn ni yóò dá a sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Àwọn èèyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Èmi ò jó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ta ní ń yára fún ọ lọ́bẹ tí wọn yóò fi gé e lọ́wọ́?

Àwọn méjì ló jáde fún ìbò náà. Kọ́lá ní bí òun bá wọlé, kò sí ẹ̀ka tí Àpò yóò tì sóde. Ìkejì ni Wálé, ẹnjiníà, ìbátan Alága, òun sì ní ohun tí ìlú lè fọwọ́ bà ni kí wọ́n dojú kọ. Wálé kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti bá mi tún kọ̀ǹpútà mi ṣe rí, kò gba kọ́bọ̀. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n máa bẹ̀rù rẹ̀, nítorí ó ṣòro láti dúró lòdì sí ẹni tó ti ṣe ọ́ lóore.

Bí ìbò ṣe ń sún mọ́lé, ìyá mi rán mi lọ sí Bẹyẹrúnká, mo sì rí Kọ́lá àti Wálé lórí bẹ́ǹṣì kan níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, wọ́n jọ ń jẹ ẹ̀pà. Mo dúró sẹ́yìn ọkọ̀ kan bí olè. Nígbà tí mo rí Kọ́lá lẹ́yìn náà, mi ò lè pa á mọ́ra.

"Kí ni ìwọ àti Wálé jọ ń jẹ?"

"Ẹ̀pà."

"Mo rí i pé ẹ̀pà ni. Ọ̀rọ̀ wo lẹ fi ń jẹ ẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ràbíátù, bí o bá ń fura sí èmi, ta ló máa kù fún ọ?"

Ìbéèrè rẹ̀ bà mí nínú jẹ́, torí òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò dáhùn tèmi. Mo lọ sílé, mo ń rò ó ṣáá pé kò dáhùn.

Ọjọ́ ìbò pé. Ìgbìmọ̀ ní kò sí ìwé ìdìbò, kí oníkálukú tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́, kí gbogbo ayé rí i. Èyí dùn mọ́ wa, a ní kò sí àpótí tí ẹnikẹ́ni lè gbé sá lọ. Lẹ́yìn ìrun alásárì, a pé sí gbàgede ní Mápó. Kọ́lá dúró lápá àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn. Wálé dúró lápá ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà gòkè wá. Ìlà tiwa gùn débi tó fi tẹ̀, ó sì gba abẹ́ igi lọ. Ìlà ti Wálé kò gùn, ojú lásán ti tó fún un. Inú mi dùn, lẹ́yìn náà ẹ̀rù bà mí nítorí pé inú mi dùn.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ kò tètè kà. Ó ń wá awò ojú rẹ̀. Ó rí i tán, ó ń nù ún, ó ń wo ọ̀nà. Ìgbà yẹn ni bọ́ọ̀sì kan gòkè wá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà Wálé gan-an, àwọn mọ́gàjí sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ nínú agbádá. Bàbá Mọ́gàjí tiwa ló ṣáájú.

Ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ fún wa. Ọmọ Ìdí Arẹrẹ kan rí mọ́gàjí tiwọn, ó sáré lọ dọ̀bálẹ̀. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Ta ni yóò dúró gbagidi lórí ìlà kí mọ́gàjí rẹ̀ máa kọjá? Ẹni tí yóò fẹnu sọ lọ́la pé òun mọ̀ ọ́ nìyẹn. Ká tiẹ̀ sọ òótọ́, a ò rò ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà ni: o rí àgbà, o lọ kí i. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú Bàbá Mọ́gàjí, wọn kò tíì dá mi lóhùn, tí mo fi gbọ́ ohùn Akọ̀wé. Ó ti ń kà. Àwọn èèyàn Wálé dọ̀bálẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí, nítorí iwájú wọn ni àwọn àgbà wà. Àwa la sáré wá bá wọn. Akọ̀wé ń ka ẹ̀yìn wa pọ̀ mọ́ tiwọn.

Lápá àtẹ̀gùn, Kọ́lá àti ìwọ̀nba èèyàn ló kù. Kọ́lá kò kúrò lójú kan. Ó sọ lẹ́yìn náà pé olùdíje kò gbọdọ̀ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Òótọ́ ni, mo mọ̀.

A sáré padà, Akọ̀wé sì gbé ọwọ́ sókè pé ìlà ti tì. Ariwo sọ. Alága wá sáàárín wa, ó gbé ohùn sókè kí àwọn mọ́gàjí lè gbọ́.

"Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé kí ọmọ má kí bàbá rẹ̀?"

Ta ni yóò dáhùn ìyẹn níwájú wọn? Mi ò mọ bí ohùn ṣe jáde lẹ́nu mi.

"Rárá, sà. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ẹ má ka ìkíni mọ́ ìbò."

Alága wò mí. "Ọmọ olókùn," ó ní, "o ti ń gbọ́n." Ó sì kéde Wálé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ kúnlẹ̀ ní pálọ̀ Bàbá Mọ́gàjí, mo bi wọ́n pé ta ló ní kí wọ́n wá ní wákàtí yẹn. Ó yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní àwa ọmọ ni wọ́n sọ pé ó ránṣẹ́ pe àwọn, kí àwọn wá ṣàdúrà fún wa kí a tó dìbò. Ẹnì kan ló pe mọ́gàjí Ìdí Arẹrẹ lórí fóònù, ó ní ọmọ ẹgbẹ́ wa lòun, òun náà sì ló ní bọ́ọ̀sì yóò wá gbé wọn.

"Wọ́n ní ó mọ èèyàn í kí," ni Bàbá Mọ́gàjí wí. "Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni."

Bí ogiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Títí di òní, mi ò mọ ẹni tó pè. Mo ti fi ohùn gbogbo èèyàn ẹgbẹ́ wa wé ti ẹni tó mọ èèyàn í kí bẹ́ẹ̀ lọ́kàn mi. Mo fura sí Kọ́lá, nítorí Ìdí Arẹrẹ ni ilé rẹ̀. Mo fura sí Wálé. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan nínú rẹ̀, pé Alága kàn bẹ ẹnì kan níṣẹ́ ni. Mi ò ní ẹ̀rí, mi ò sì ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìfura náà kò tíì fi mí sílẹ̀.

Bàbá Mọ́gàjí àti àwọn àgbà díẹ̀ lọ bá ìgbìmọ̀, wọ́n sọ ohun tí ojú wọn rí. Ìgbìmọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní ohun tí a bá ti kà ti di kíkà. Ìbò àkọ́kọ́ tí Wálé dì ló ti ẹ̀ka wa sóde. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi fẹ̀yìn tì. Kọ́lá ń kọ́ àwọn ọmọ girama báyìí. Ó máa ń pè mí ní gbogbo Iléyá láti kí mi, mo sì máa ń fetí sí ohùn rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Mo rò pé ó mọ̀. Ìyẹn náà wà lára ohun tí a pàdánù.

Ohun tí a jèrè kò pọ̀. Ìgbìmọ̀ sọ ọ́ di òfin, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àtakò wa, pé àwọn àgbà gbọ́dọ̀ wọlé, kí a kí wọn, kí wọ́n sì jókòó, kí ìlà tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì kí n lè máa fi san owó ilé ẹ̀kọ́, mo sì ń ṣe ìwádìí náà díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ olùkọ́ tí kò mọ kókó okùn tẹ́lẹ̀. A jọ ń kọ́ ọ ni. Àpò kò tíì gba ẹ̀ka wa padà, ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ kò sì tíì sọ ọ́ síta pé ìbò yẹn kò tọ́.

Láìpẹ́ yìí mo ń kọjá níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Mọ́gàjí, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n bi mí bóyá Àpò ti ń fún àwọn oníṣirò lówó. Mo ní rárá. Wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún wọn.

"Ràbíátù," wọ́n ní, "ìkíni tí ẹ kí wa lọ́jọ́ yẹn ní Mápó, a ò tíì dá a lóhùn."

Mi ò mọ̀ bóyá ìlérí ni, tàbí ọ̀rọ̀ àgbà lásán. Mi ò tètè dìde lórí ìkúnlẹ̀.