Pákó Kan Tí Wọn Kò Kàn

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ sùn lórí ẹní, ẹ̀yin ọmọ mi, etí ọ̀sà lẹ́yìn Ajah nílé wa wà. Òpó igi ló gbé e dúró, pákó la sì fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, nítorí ọ̀sà a máa kún dé abẹ́ ilé nígbà òjò. Lọ́jọ́ kan, pákó tó ti jẹrà já nínú yàrá ìyá mi, ẹsẹ̀ wọn sì wọnú ihò náà dé orúnkún.

Bàbá mi pe aládùúgbò wa kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, tó sì máa ń bá wa jẹun. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu ọkùnrin yìí. Ó fi pákó tuntun rọ́pò èyí tó jẹrà, ó sì fi òwú dí gbogbo àlàfo bí ẹni ń dí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lé ibẹ̀ lásán, láìfi ìṣó kàn án.

Ó ní, "Ẹ má kan èyí o. Omi ló ni ín."

Bó ṣe lọ tán, ìyá mi kọjú sí bàbá mi. "Ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Omi ti wá ni ilé wa báyìí? Ibẹ̀ ni ọkùnrin yìí fẹ́ máa gbà wọlé wá kó ẹja mi!"

Ẹja yíyan ni wọ́n ń tà. Láti ọjọ́ náà, bí ẹja kan bá dín nínú agbọ̀n, òun ni. Bí ajá bá gbó lẹ́yìnkùlé, òun náà ni. Èmi pàápàá ń tẹ̀lé e kiri etí omi, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé òórùn ẹja ṣeé fojú rí! Nígbà tó yá, ìyá mi pè é ní olè níṣojú àwọn tó ń fa àwọ̀n. Ó padà sídìí ọkọ̀ tó ń kàn. Bàbá mi lọ mú òòlù, wọ́n kan pákó náà mọ́lẹ̀ pinpin.

Òjò ọdún yẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Ọ̀sà kún, omi ń ti ilẹ̀ pákó láti ìsàlẹ̀, kò sì ríbi gbà. Lọ́sàn-án gangan, ilẹ̀ ilé wa gbéra sókè, ó fà ya, òpó méjì yẹ̀, ilé sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ilé ọkùnrin náà la sá lọ. Omi wà nílé tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Pákó kan léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ibẹ̀ lomi gbà wọlé, ibẹ̀ náà ló sì gbà jáde nígbà tí ọ̀sà fà. Ìyá mi kò lè gbójú sókè wò ó. Ta ló jẹ ẹja wọn? Títí dòní, n kò mọ̀.

Ó wá tún ilé wa ṣe. Ṣùgbọ́n kó tó gbé òòlù, ó ní, "Màmá, ẹ gbé àpótí, ẹ jókòó síbí. Ẹ máa wo ọwọ́ mi títí n ó fi ṣe tán."

Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣiṣẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá mi fi jókòó tì í, tí omijé ń bọ́ lójú wọn. Ọkùnrin náà kò bá wa jẹun mọ́ títí ó fi kú, ojú sì ń tì mí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Lónìí, wọ́n ti fi yanrìn dí ibẹ̀, táìlì ló kún gbogbo ilé. Bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá wọlé yín, ẹ̀ṣọ́ á tẹ̀lé e títí yóò fi jáde. Ẹ ní ọgbọ́n ni, n kò sì bá yín jiyàn, ìfura loògùn àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò mọ ẹni tí ẹ̀ ń ṣọ́. Àwa mọ tiwa, a mọ ìyá tó bí i, a sì tún ṣọ́ ọ.